eGFR orí ìwé àyẹ̀wò yín: bíìlì láìsí mítà ni

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin ẹni 50 ọdún kan tí láàbù sọ fún pé creatinine rẹ̀, pàǹtí inú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín ń kó dànù, jẹ́ 1.5 mg/dL. Bí wọ́n bá bá a ṣírò rẹ̀ ní Houston lónìí, eGFR, iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kídìnrín, 56 ni yóò bá lórí ìwé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, 54. Bí a bá sì fi ìṣirò tí ọ̀pọ̀ láàbù Amẹ́ríkà ń lò fún èèyàn dúdú ní 2019 ṣe é, 62 ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, creatinine kan náà, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì bá má le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ààlà kan wà ní 60. Ẹni tó wà lókè rẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé ní àlàáfíà. Ẹni tó bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àìsàn kídìnrín sí i létí. Àwọn ọmọ á kó ara wọn jọ sórí WhatsApp, wọ́n á máa bèèrè iye tí wọ́n ń ṣe dialysis, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ìṣirò nìkan ló yí padà. Kídìnrín bàbá wọn kò kúrò níbi tó wà lánàá.

Nílé níbí náà, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀: láàbù méjì, ọ̀sẹ̀ kan náà, èsì méjì. Àwọn èèyàn á ní ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Ó lè má sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wọ̀n?

Asẹ́ ni kídìnrín. Méjì la ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ìkúùkù, asẹ́ wínníwínní tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá máa ń sẹ́ omi tó nǹkan bíi mílílítà 120 láti inú ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá fi wákàtí 24 ṣe é, ó lé ní lítà 170. Ara ń fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ padà, lítà kan sí méjì péré là ń tọ̀. Iye mílílítà tí asẹ́ ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan yìí ni wọ́n ń pè ní GFR.

Lẹ́tà e kékeré tí wọ́n fi síwájú rẹ̀ ni ká mójú tó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba bíìlì iná láìní mítà mọ̀ ọ́n: òun ni e inú “estimated bill”. Ẹni tó gbé bíìlì wá kò ka iná tí ẹ jó. Wọ́n wo àdúgbò, wọ́n wo irú ilé, wọ́n dá iye lé yín lórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eGFR. Kò sí ẹni tó rí omi tí kídìnrín yín sẹ́. Ohun kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, wọ́n fi ọjọ́ orí kún un, wọ́n bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọ́n sì dá iye lé kídìnrín.

Mítà gidi wà o. Wọ́n lè gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn tí wọ́n ń pè ní iohexol, èyí tó jẹ́ pé kídìnrín nìkan ló ń sẹ́ ẹ jáde, kí wọ́n wá máa fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí mélòó kan, láti mọ bí ó ṣe ń yára kúrò. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, odidi ọjọ́ ló sì máa ń gbà, nítorí náà ẹni tó fẹ́ fi kídìnrín tọrẹ àti ẹni tó ń ṣe ìwádìí ló sábà máa ń rí i ṣe.

Creatinine, òkìtì pàǹtí ẹ̀yìnkùlé

Creatinine ni pàǹtí tí iṣan ara ń dá sílẹ̀ lójoojúmọ́. Kídìnrín ló ń kó o dànù.

Ẹ wo agbo ilé kan tó ní agbálẹ̀. Ẹ kò rí agbálẹ̀ yẹn sójú rí; òkìtì pàǹtí ẹ̀yìnkùlé nìkan lẹ ń rí. Bí òkìtì bá ga, ẹ ó ní agbálẹ̀ ti ń ya ọ̀lẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé èrò ló pọ̀ nínú ilé. Ilé tí èèyàn méjì péré ń gbé, agbálẹ̀ ibẹ̀ lè ti máa sùn láti òwúrọ̀, kí òkìtì ẹ̀yìnkùlé má sì hàn sí ẹnikẹ́ni.

Agbo ilé elérò púpọ̀ ni alágbàrù ọjà àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé irin. Creatinine wọn lè jẹ́ 1.4 kí kídìnrín wọn má ní àìsàn kankan. Ilé elérò méjì ni ìyá àgbà ẹni 78 ọdún tó ti gbẹ, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ fún ọdún méjì, àti ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Tiwọn lè jẹ́ 0.8, kí gbogbo èèyàn máa kí wọn kú oríire, kí asẹ́ sì ti bàjẹ́ dé ìdajì. Àwọn tí wọ́n ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde wà nínú ẹgbẹ́ kejì yìí, tiwọn sì tún lé: iṣan wọn kì í sábà pọ̀, kídìnrín wọn sì máa ń ti creatinine jáde gba ẹ̀gbẹ́ asẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà eGFR wọn máa ń dára lórí ìwé ju bó ti rí nínú ara lọ.

Oúnjẹ náà ń dá sí i. Bí iná bá ti se ẹran, apá kan nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ ń di creatinine. Ẹni tó bá jẹ súyà rẹpẹtẹ lálẹ́ tó sì lọ fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, pàǹtí màlúù ti wà nínú òkìtì tirẹ̀. Ìyẹ̀fun creatine tí àwọn tó ń lọ sí gym ń pò mu ń ṣe bákan náà. Oògùn kan tún wà: trimethoprim, tó wà nínú Septrin, máa ń dí ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí creatinine ń gbà jáde. Creatinine á ga, asẹ́ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ má tìtorí èyí dá oògùn tí dókítà kọ dúró o. Ẹ kàn sọ fún wọn ní láàbù pé ẹ ń lò ó.

Ohun kan ṣì wà nípa òkìtì yìí tó ń tan èèyàn jẹ ju gbogbo ìyókù lọ. Kì í ga déédéé. Ẹ mú obìnrin ẹni 30 ọdún tí creatinine rẹ̀ kúrò ní 0.7 bọ́ sí 1.1. Lórí ọ̀pọ̀ ìwé àyẹ̀wò, méjèèjì wà nínú ibi tí wọ́n pè ní ibi tó dára, wọn kò sì ní fi yíǹkì pupa sàmì sí i. Ṣùgbọ́n eGFR rẹ̀ ti kúrò ní 119 bọ́ sí 69. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé eGFR sàn ju kéèyàn máa tẹjú mọ́ creatinine lásán lọ, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú láàbù?

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù láti wọn creatinine ti dàgbà: Max Jaffe, ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1886. Wọ́n á da ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní picric acid pọ̀ mọ́ omi ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ọsàn á yọ, ẹ̀rọ á wo bí àwọ̀ náà ṣe le tó. Kò wọ́n, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ láàbù kò fi tíì fi í sílẹ̀. Àmọ́ creatinine nìkan kọ́ ló ń mú àwọ̀ yẹn yọ. Ṣúgà tó ga gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ lè mú un yọ, bẹ́ẹ̀ ni ketone tó máa ń pọ̀ nígbà tí àtọ̀gbẹ bá dójú ẹ̀, fítámì C tó pọ̀ jù, àti àwọn oògùn apakòkòrò kan. Ibà pọ́njú ní tirẹ̀ máa ń fa èsì sísàlẹ̀. Ọ̀nà kejì tó ń lo enzyme kì í tètè ṣi nǹkan mú, àmọ́ ó gbówó lórí jù ú lọ. Bí láàbù méjì bá ń lo ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, aláàtọ̀gbẹ kan náà lè gba èsì méjì ní ọjọ́ kan náà.

Kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ẹ̀rọ pàápàá, nǹkan ti lè bàjẹ́. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìya omi rẹ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, pàápàá nínú ooru, iye tí ọ̀nà Jaffe máa kà á lè ga. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní Ọjọ́ Ẹtì tí kò dé láàbù títí di ọjọ́ kejì kò yẹ ní ohun tí à ń gbé ìdájọ́ kà.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ lè bi wọ́n láìjẹ́ onímọ̀: ṣé ẹ ti sáré kọ́ńtíróòlù láàárọ̀ yìí? Kọ́ńtíróòlù ni omi tí wọ́n ti mọ creatinine inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi dán ẹ̀rọ wò kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó wọlé. Láàbù tó mọṣẹ́ á dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín.

Báwo ni àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó?

Kò sí iye tí ẹ̀rọ gbé jáde tó dá dúró bí òpó. Àlàfo wà lókè rẹ̀, àlàfo wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òótọ́ sì wà níbì kan nínú rẹ̀. Àlàfo kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ ló ń fẹ apá kan. Bí láàbù tó dáa bá wọn ẹ̀jẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìyàtọ̀ lè wà tó nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Ara ló ń fẹ apá kejì: creatinine ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń mì láti ọjọ́ dé ọjọ́ ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń gbà dà á, tí a sì fẹ́ kí ó dá wa lójú dé ìdá 95 pé nǹkan yí padà lóòótọ́ láàárín àyẹ̀wò àkọ́kọ́ àti èkejì, creatinine gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan bí ìdá 16 yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹni tó wà ní 1.4, bó bá di 1.2 tàbí 1.6, kò tíì sí ẹ̀rí níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí mímì kékeré yẹn ń ṣe sí ọkùnrin ẹni 50 ọdún wa, bí a bá lo ìṣirò 2021, èyí tí Amẹ́ríkà ń lò báyìí: 1.3 fún un ní 67, 1.4 fún un ní 61, 1.5 fún un ní 56. Kódà, kí ẹ̀rọ má ṣì, kí ara má mì, yíyí nọ́ńbà sí ìtòsí nìkan tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Láàbù tó ń kọ nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn ààmì máa kọ 1.4 fún 1.35, ó sì máa kọ 1.4 kan náà fún 1.44. eGFR ti àkọ́kọ́ jẹ́ 64. Ti èkejì jẹ́ 59.

Apá kẹta ló fẹ̀ jù: ìṣirò fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìṣirò 2021 wé mítà gidi, nínú èèyàn 100, nǹkan bí 85 sí 90 ni èsì wọn bọ́ sí àárín ìdá 30 òkè tàbí ìsàlẹ̀ òótọ́. Ìyẹn ni pé bí òótọ́ bá jẹ́ 60, ìṣirò lè sọ 42, ó lè sọ 78, wọ́n á sì kà á sí pé ó gbà á. Mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwé tó bá gbé eGFR 57.83 jáde ń fẹlá lásán ni. Àwọn láàbù tí wọ́n ń kọ “ju 90 lọ” tí wọ́n sì dákẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí òkè yẹn ni ìṣirò ti rọ jù.

Ìṣirò yìí kò sì wà fún gbogbo èèyàn rárá. Aboyún, ọmọ tí kò tíì pé 18 ọdún, àti ẹni tí àìsàn kídìnrín òjijì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, kò yẹ kí wọ́n fi í dá wọn lẹ́jọ́.

Níbo ni 62, 56 àti 54 ti wá?

Ní 1999, ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní MDRD jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí rẹ̀, creatinine àwọn èèyàn dúdú ga ju ti àwọn òyìnbó tí kídìnrín wọn ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé iṣan wọn ló pọ̀, wọ́n sì fi ìlọ́po kan kún èsì èèyàn dúdú; nínú ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ láàbù wá ń lò, ìlọ́po 1.212 ni. Nígbà tí ìṣirò CKD-EPI dé ní 2009, wọ́n dín in kù sí 1.159. Kò sí ẹni tó wọn iṣan ẹnikẹ́ni. Màmá tín-ínrín láti Abẹ́òkúta àti ọmọkùnrin Atlanta tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àpótí kan náà ni wọ́n sàmì sí fún àwọn méjèèjì.

Ibi tó ti ń dun èèyàn ni pé ìlọ́po yìí ń jẹ́ kí kídìnrín èèyàn dúdú dà bí èyí tó dára jù bó ti wà lọ. Ní Amẹ́ríkà, eGFR gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé 20 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ ìdúró fún ẹni tó ń retí kídìnrín tuntun. Ẹni tí òótọ́ rẹ̀ ti jẹ́ 19, ìwé rẹ̀ lè máa kọ 22, kí ọjọ́ má sì kà. Láti January 2023, àjọ tó ń bójú tó pípín kídìnrín níbẹ̀ ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn wá irú àwọn bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n sì dá ọjọ́ wọn padà fún wọn.

Nílẹ̀ adúláwọ̀ fúnra rẹ̀, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Malawi, Uganda àti South Africa, tó jáde ní 2022, fi mítà iohexol gidi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìṣirò tó dúró lé creatinine ń gbé kídìnrín wọn ga ju òótọ́ lọ, ìlọ́po èèyàn dúdú sì ń dá kún un ni.

Ní 2021, ìlú òyìnbó jáwọ́ níbẹ̀. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ ìlọ́po kúrò, wọ́n sì dúró sórí ìṣirò 2009: 54 wa nìyẹn. Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò tuntun tí kò bèèrè àwọ̀ ẹnikẹ́ni: 56 nìyẹn. 62 ni 2009 pẹ̀lú ìlọ́po. Bí ẹ bá ní ẹbí lókè òkun tó ń pariwo pé eGFR òun já wálẹ̀ lójijì ní 2021 tàbí 2022, kí ó kọ́kọ́ wo creatinine. Bí creatinine bá dúró síbi tó wà, ìṣirò ló ṣí nípò. Lórí ìwé tiyín náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá wọ́n kọ orúkọ ìṣirò tí wọ́n lò. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ bèèrè.

1.5 tàbí 133?

Láàbù kan ń kọ creatinine ní mg/dL, òmíràn ń kọ ọ́ ní µmol/L. Ẹ fi 88.4 ṣe ìlọ́po ti àkọ́kọ́, ẹ ó rí èkejì: 1.5 di 133. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìwé wa kì í gbé eGFR jáde, àwọn ọmọ á wá lọ ṣírò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá tẹ 133 sí ojú ibi mg/dL, ìṣirò á ní kídìnrín bàbá kò tó 1, bàbá sì wà lórí àga tó ń jẹ iyán. Ẹni tó tẹ 1.5 sí ojú ibi µmol/L á gba nǹkan bíi 345.

Ti oògùn tún yàtọ̀. Láti mọ ìwọ̀n oògùn, ọ̀pọ̀ apòògùn ṣì ń lo ìṣirò Cockcroft àti Gault ti 1976, tó ń bèèrè ìwọ̀n ara. Fún ọkùnrin wa tó ní 1.5, bó bá wọn kílò 60, èsì jẹ́ 50; bó bá wọn kílò 90, ó di 75. Ẹ má fi iye yìí wé eGFR láàbù.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò

Ẹ má jẹ ẹran fún wákàtí 12 ṣáájú. Ẹ má ṣe eré ìdárayá tó le lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ mu omi bí ẹ ṣe ń mu ún: ẹ má jẹ́ kí ara yín gbẹ, ẹ má sì rọ omi sínú bí àmù. Ẹ kọ gbogbo oògùn sínú ìwé, àgbo wà nínú rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ máa padà sí láàbù kan náà, nítorí bí ẹ̀rọ wọn bá tilẹ̀ ń tẹ̀ sápá kan, apá kan náà ni yóò máa tẹ̀ sí, ẹ ó sì lè rí i bí iye bá ń rìn.

Bí eGFR bá bọ́ sísàlẹ̀ 60 fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí oṣù mẹ́ta ni àìsàn kídìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Ní àárín yẹn, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, ti òwúrọ̀ ló dára jù: wọ́n á wo iye purotéènì albumin tó ń jò gba asẹ́. Bó bá kéré sí 30 mg/g, ó dára. Láti 30 sí 300, asẹ́ ti ń jò. Lókè 300, ó jò gan-an. Èyí náà ń mì, ibà àti eré ìdárayá lè gbé e sókè, nítorí náà méjì nínú mẹ́ta ni kí ó jọra kí ẹ tó gbà á. Ẹni tí eGFR rẹ̀ jẹ́ 56 tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ àti ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 70 tí ìtọ̀ rẹ̀ ń jò ní 400, ti èkejì ló ń bà mí lẹ́rù.

Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ kò bá ti gbogbo èèyàn mu, cystatin C wà. Sẹ́ẹ̀lì gbogbo ara ló ń dá a sílẹ̀, nítorí náà iṣan kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí i. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, òun náà sì ní tirẹ̀: sìgá, sísanra jù, àìsàn thyroid àti oògùn steroid lè gbé e sókè. Ìṣirò tó da creatinine àti cystatin C pọ̀ ló ń súnmọ́ òótọ́ jù, nítorí àléébù ọ̀kan kì í sábà jẹ́ ti èkejì.

Ìgbà wo ni kí a má dúró?

Gbogbo ọ̀rọ̀ àlàfo yìí, ẹni tí nǹkan ń lọ jẹ́jẹ́ ni mo ń bá sọ ọ́. Bí creatinine bá fi 0.3 mg/dL lé sí i láàárín wákàtí 48, tàbí tó di ìlọ́po 1.5 láàárín ọjọ́ méje, àìsàn kídìnrín òjijì nìyẹn. Fún ẹni tó wà ní 1.4, 0.3 lé ní ìdá 21 nínú 100, ó sì ti kọjá mímì tí a ṣírò lókè. Bí ìtọ̀ bá dín kù gidigidi, tí ojú tàbí ẹsẹ̀ wú, tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru gbẹ èèyàn lómi, tàbí tí èèmí ń ṣe gìrìgìrì, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì wọn potassium mọ́ creatinine. eGFR ọjọ́ yẹn kò wúlò, nítorí òkìtì pàǹtí ṣì ń ga lọ́wọ́. Ó lè ku ọjọ́ méjì kó tó fi bí agbálẹ̀ ṣe rí hàn.